Wáyà tí Wọ́n Hú ní Ẹ̀gbẹ́ Sàréè

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè lọ bi Dámilárá fúnra rẹ̀. Ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Okokomaiko. Kì í mutí, kì í purọ́, ọ̀sán gangan ni ọ̀rọ̀ náà sì ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni. Òjò ṣú, kò rọ̀. Babájídé oníwáyà wọ inú yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí Dámilárá wà nílé ìwé pẹ̀lú wáyà méjì nínú ọ̀rá. Àlàájà Sàdíátù tẹ̀lé e. Babájídé ló so iná sí ilé Àlàájà ní Ajangbadi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí iná gbé Bámikẹ́, ọmọ Àlàájà, níbi tó ti ń bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọmọ náà yè, àmọ́ kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

"Wáyà ayédèrú ló fi ṣiṣẹ́," Àlàájà wí. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní so iná mọ́ ní gbogbo Ọ̀jọ́. Màá lọ bá ẹgbẹ́ wọn."

"Tíṣà, ojúlówó kọ́pà ni," Babájídé ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ó dáa."

"Ṣé ẹnu mi ni mítà ni? Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀," Dámilárá wí.

Irin kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́. Bí ilà ojú ló rí, a fi ń dá a mọ̀. Dámilárá wọn sísanra wáyà àkọ́kọ́, ti inú ilé, ó nà án lórí rúlà, ó so ó mọ́ bátìrì àti mítà. Ó ṣírò. Kọ́pà ni.

Babájídé mí kanlẹ̀.

Dámilárá mú èkejì, èyí tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ kí iná tó bá ṣìnà lè bá a wọlẹ̀ lọ. Ó wọn ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀. Kọ́pà náà ni. Ó wá fi kún gígùn rẹ̀. Bí wáyà bá ṣe ń gùn sí i ló yẹ kó máa dí iná lọ́wọ́ sí i. Èyí ò dí i. Ńṣe ló ń yà fún un. Ó tún fi kún un. Ó tún yà sí i, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa iná náà láti òdìkejì.

Dámilárá yọ bátìrì kúrò.

Ọwọ́ mítà ò padà sí òdo. Ó gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó dúró. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó tún gòkè. Níta, gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bọ̀dá, níbo lẹ ti hú èyí?"

Babájídé gbé ojú sílẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ sàréè Alàájì ọkọ wọn, níwájú ilé."

"Jídé! Ṣé mi ò ní kó o má fọwọ́ kan ibẹ̀?" Àlàájà bi í.

"Ẹ má bínú, mà. Gbogbo ibi yòókù ni sìmẹ́ǹtì. Ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti rọ̀."

Àlàájà ò pariwo. Ó sún mọ́ tábìlì. Ó kúnlẹ̀, bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ láàárọ̀.

"Bàbá Bámikẹ́, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ọwọ́ mítà gòkè. Kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Ó pẹ́ kí Àlàájà tó dìde. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Tó bá ti jẹ́ kọ́pà, mi ò bá Jídé jà mọ́. Kó dá a padà síbi tó ti hú u, lónìí, òun fúnra rẹ̀. Kó rì í jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alàájì ò tíì bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ tán láti inú wáyà yìí."

Babájídé fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Ó yá, Tíṣà," Àlàájà wí. "Kí ni mítà sọ?"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́." Babájídé ò lè gbóhùn sókè. "Ẹ sọ fún wọn pé ayédèrú ni."

Dámilárá wo mítà. Ọwọ́ mítà dúró gbagidi, bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀ de ohun tí Tíṣà máa sọ.