Àyìnkẹ́ Ní Kí Wọ́n Fi Iná Sí Ọkọ̀

"Apànìyàn! Ìkà ènìyàn! O fẹ́ sun mí bí iṣu!"

Tàù! Ìgbátí Nàfíù bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àyìnkẹ́, obìnrin náà sì ṣubú sínú báfù aṣọ tó ń fọ̀. Ọṣẹ bò ó lójú, ẹ̀jẹ̀ yọ létè rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Nàfíù fi gbá a, nítorí pé wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìka dé ìgúnpá. Ọkùnrin tí iná jó láìpẹ́ yìí, tó tún ń fi ọwọ́ tó ṣẹ́kù lu ìyàwó! Àwọn ọkùnrin míì wà tó jẹ́ pé kí fìlà lè ríbi jókòó sí ni Ọlọ́run ṣe dá orí fún wọn.

Nínú ọgbà ilé wọn ní Ndogbong, ní Douala, ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Àwọn ará àdúgbò ti lẹ̀ mọ́ ògiri bí alángbá.

"Bàbá Zayd, kí ni mo ṣe?" Àyìnkẹ́ ń nu ẹnu.

"O ṣì ń bi mí! Píkọ́ọ̀pù tí mo fi ń kó aṣọ láti ọjà Mboppi lọ sáwọn ìlú oko ti di eérú! Díẹ̀ ló kù kí èmi náà di eérú nínú rẹ̀! Iná tí ìwọ ní kí wọ́n fi sí i ló gbiná!"

Nùsíràt, ìyàwó kékeré, jáde láti ilé ìdáná, ó ti so ìró mọ́dìí bí ẹni tó fẹ́ jà. Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ a sì máa tiro.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́! Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ! Ó ń bá Silas sọ̀rọ̀ nínú fóònù, ó ní, 'Fi iná sí ọkọ wa! Fi sí i níwájú, fi sí i lórí! Má jẹ́ kó mọ̀!' Jamais, láéláé! Ṣé ènìyàn nìyí?"

Ariwo ta. "Hà! Lórí kẹ̀!" Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n sọ pé òun ti mọ̀ pé ojú Àyìnkẹ́ dákẹ́ jù. Irọ́ ni, kò mọ nǹkan kan.

Mọ́rúfù, tí Nùsíràt ń pè ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì ń bá Nàfíù wa ọkọ̀ nígbà míì, na fóònù sókè. "Mo ti pe àwọn ọlọ́pàá jàndáàmù. Wọ́n ń bọ̀. Apànìyàn kò gbọdọ̀ sun ilé yìí."

"O gbọ́?" Nàfíù nàka sí géètì. "Kó ẹrù rẹ! Àwọn ọmọ kò ní bá ọ lọ! Ẹ̀wọ̀n ni wàá ti máa fọṣọ! Àyìnkẹ́, mo kọ̀—"

"Bó o bá parí ọ̀rọ̀ yẹn, Nàfíù, kí n má bímọ!"

Ìyá Nàfíù, Alhaja Kàbírátù, ló dé sẹ́nu géètì, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, Silas oníṣẹ́ iná mọ́tò sì tẹ̀ lé e. "O ti bímọ ná, Alhaja," ẹnì kan wí lẹ́yìn ògiri. "Ẹ gbé ẹnu yín sọ́hùn-ún!" ni ìyá àgbà fi dá a lóhùn. "Ẹ wá àga fún mi. Ìdí mi kò fara da ìdúró mọ́."

Kí ó tó jókòó tán, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ojú ọ̀nà tí Nàfíù ń gbà kì í ṣe títì, kòtò àti ẹrẹ̀ ni, iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì bí ojú èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí, tí mo kí àgbò ní ẹ káàárọ̀ lọ́jọ́ sí. Ọkàn Àyìnkẹ́ kì í balẹ̀. Ó tu owó jọ láti ibi ọṣẹ tó ń tà, ó lọ sí Mboppi, ó ná iná aláwọ̀ funfun mẹ́rin títí ẹni tó ń tà á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Ọjà olówó pọ́ọ́kú ni, wáyà tó bá a wá tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo wà lómidan. (Ẹ má wo ẹsẹ̀ náà báyìí, odó ló dà.) Silas ju wáyà náà nù, ó fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, ó sì fi ike bò ó. Ó de iná méjì mọ́ iwájú ọkọ̀, ó de méjì sórí rẹ̀, ó sì fi fíúsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, nítorí pé fíúsì ni í kú kí ọkọ̀ má bàa kú. Nígbà tí Nàfíù rí i, inú rẹ̀ dùn, ó ń tan án ó ń pa á bí ọmọdé. Ọkùnrin kan náà ló ń lù ú lónìí.

Alhaja na ọwọ́. "Silas, gbé e jáde."

Silas tú ìwé ìròyìn kan. Ìṣó kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó ti dúdú. "Nínú eérú ọkọ̀ tí Màmá ní kí n lọ wò ni mo ti rí i. Ààyè fíúsì ló wà. Fíúsì ni mo fi síbẹ̀, ẹnì kan ló yọ ọ́, tó fi ìṣó rọ́pò rẹ̀ kí wáyà lè gbóná títí yóò fi gbiná."

"Ẹ ò rí i!" Nùsíràt fò sókè. "Òun àti Silas ló ṣe é! Òun ló rán an! Ẹ di wọ́n mọ́lẹ̀!"

Àwọn géńdé méjì sáré mú Silas lọ́rùn. Mọ́rúfù gbá a ní ìkùùkù níkùn, ó ká kò. Àyìnkẹ́ dìde, ó fi ara rẹ̀ dí i. "Ẹ lù mí bó bá jẹ́ lílù lẹ fẹ́! Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó wà nínú fóònù rẹ̀!"

"Tẹ̀ ẹ́," ni Alhaja wí.

Silas tẹ fóònù. Ohùn Àyìnkẹ́ jáde, ó mọ́ gaara:

"Silas, jọ̀ọ́, bá mi fi iná sí ọkọ̀ wa. Fi sí i níwájú, fi sí i lórí. Bàbá Zayd ni o, má jẹ́ kó mọ̀. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni."

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ọkọ̀!" Alhaja na ìka sí Nùsíràt. "Ọkọ̀ tó ń jẹ epo, kì í ṣe ọkọ tó ń jẹ ẹ̀bà! Omi Douala ti fọ ohùn kúrò lẹ́nu rẹ, ọmọ yìí! Kò pẹ́ tí wàá sọ pé ọkọ́ ló fẹ́ ọ!"

Nùsíràt náà fi tipátipá rẹ́rìn-ín. "Ah, pardon, Màmá! Èmi ò mọ ìyàtọ̀. Mo ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni. Ìyálé mi, ẹ má bínú."

"Àṣìgbọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Ohùn ìyá àgbà lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ wo lo gbọ́ ọ?"

"Ọjọ́ Jímọ̀, Màmá."

"Nàfíù, ọjọ́ wo lo gbéra?"

Ohùn Nàfíù rọ̀ bí òwú. "Ọjọ́ Àìkú. Nùsíràt ló di ìrẹsì fún mi. Ó ní... ó ní kí n má gbàgbé láti tan iná tuntun náà."

"Hẹn-ẹ́n! O gbọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ pé wọ́n fẹ́ sun ọkọ rẹ, o wá se ìrẹsì fún un kó gbé e dání lọ síbi iná?"

Ẹ̀rín kú pátápátá. Mọ́rúfù ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí géètì. "Níbo?" ni àwọn tó di Silas mú tẹ́lẹ̀ wí, wọ́n sì yí ọwọ́ padà sí i lọ́rùn. Wọ́n gbé e ṣánlẹ̀. Eyín kan fò.

"Kì í ṣe èmi!" ló ń ké. "Èmi ni mo ki ìṣó bọ̀ ọ́, mo sì ha ara wáyà, ṣùgbọ́n òun ló rán mi! Ó ní Ìyálé fẹ́ sun Nàfíù tẹ́lẹ̀, pé bí ó bá jó, ọrùn Ìyálé ló máa wà! Ó ní bó bá kú, àwa méjèèjì á fẹ́ra wa, ṣọ́ọ̀bù Mboppi á di tiwa!"

"Ẹ fẹ́ra yín kẹ̀?" Nàfíù lọgun. "Ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n wo? Orí ibùsùn rẹ ni mo ti ń ṣe ẹ̀gbọ́n!"

Nùsíràt bú ramúramù. Ó fa ọmọrí odó yọ, ó sọ ọ́ sórí Mọ́rúfù, ó bà á léjìká, kò! Ó tún gbé e sókè, ó kọjú sí Àyìnkẹ́. "Ìwọ lo fa gbogbo èyí! Kí ló dé tí o kò kú!" Àyìnkẹ́ tẹ̀ ba, ọmọrí odó fọ́ báfù aṣọ. Nígbà tí yóò fi gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, Àyìnkẹ́ ti gbá a mú lọ́rùn ọwọ́, ó já a gbà, ó jù ú sí kọ̀rọ̀.

"N kò ní lù ọ́," ló wí. "Èmi kì í ṣe Nàfíù."

Àsìkò yẹn ni àwọn jàndáàmù wọlé. "Ta ló pè wá?" Gbogbo ọgbà na ọwọ́ sí Mọ́rúfù nílẹ̀, Alhaja sì ro ẹjọ́ rẹ̀ àti ti Nùsíràt fún wọn. Ọba Òkè ò sùn: ẹni tó ránṣẹ́ pe ìdè ni ìdè wá mú! Wọ́n kó òun àti Nùsíràt sẹ́yìn ọkọ̀, àwọn méjèèjì ń gé ara wọn jẹ lọ bí ajá tó já.

Nàfíù wólẹ̀ sínú omi ọṣẹ, ó gbé ọwọ́ báńdéèjì sókè. "Àyìnkẹ́, Ìyá Zayd, mo ṣẹ̀ ọ́! Má lọ! Gbogbo nǹkan mi ti jó!"

Àyìnkẹ́ fún etí aṣọ rẹ̀, ó pe àwọn ọmọ, ó sì gbé àpò. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kotto ló ń lọ. Alhaja fúnra rẹ̀ ló bá a gbé ẹrù kejì, ó ń rojọ́ ẹ̀yìn dídùn. Lẹ́nu géètì, Àyìnkẹ́ yíjú padà.

"Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló jó, Bàbá Zayd. Ọkọ̀ ló jó, ọkọ ṣì kù. Mo ń lọ bi Silas bóyá iná kan wà tí wọ́n lè fi sí ọkọ, kó lè máa ríran."