Ẹni Tó Ń Kọ́kọ́ Tọ́ Ọbẹ̀ Wò

Ẹ ti fura ná, n kò sì ní purọ́ fún yín: ọ̀gá ilé-ìwé yìí á fẹ́ alásè rẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìkan ló kù.

Oṣù kẹrin ni, tí ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sáà tuntun. Bàtà funfun tuntun ń han fín-ín fín-ín nílẹ̀ kíláàsì, báàgì sì ń gbé àwọn ọmọ kíláàsì kìíní rìn. Láàárín ariwo yìí ni Kusunoki, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọ̀gá, ti kọ́kọ́ rí Makabe, obìnrin alásè. Fìlà funfun bo irun rẹ̀, ooru ọbẹ̀ kọ́rì bo ojú rẹ̀, ó gbé abọ́ kan ṣoṣo wọlé tọ̀ ọ́ wá kí ọmọ kankan tó jẹun.

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ, ọ̀gá." Ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, kò yí padà. Kí ni obìnrin ń wá lẹ́nu ọkùnrin tó ń jẹun? Kusunoki, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, wo dígí, ó sì rí ìdáhùn níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ó ra táì aláwọ̀ ọsàn.

"Kárọ́ọ̀tì yín dà?" ni Makabe bi í.

"Mo ti jẹ ẹ́."

"Abẹ́ ìrẹsì lẹ jẹ ẹ́ sí."

Inú ọ̀gá dùn débi pé ó sọ ọ́ fún Igawa, igbákejì rẹ̀. "Obìnrin yẹn fẹ́ràn mi. Kì í mójú kúrò lára mi bí mo bá ń jẹun."

Igawa gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá, òfin ni. Olórí ilé-ìwé ló ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ wò, nítorí bí ó bá ti bàjẹ́. Bóyá ẹ máa ṣubú ló ń wò."

Ojú ti Kusunoki. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í pẹ́ rí aṣọ mìíràn wọ̀: bí kò bá lè jẹ́ olólùfẹ́, á jẹ́ akọni. Ó wá ń jókòó ti abọ́ bí ọmọ ogun, kò sì bá obìnrin náà ṣeré mọ́. Kọ́rì ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ilé rẹ̀ sì tún dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Makabe bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ yín lẹ ń ṣe, èmi náà ń ṣe tèmi. Bí májèlé bá wà níbẹ̀, kó pa mí, kó dá àwọn ọmọ sí."

Makabe fi eyín di ètè mú. "Ẹ kú ìwà akọni."

"Mo rò pé èmi lẹ ń wò ni," ni Kusunoki jẹ́wọ́. "Mo tiẹ̀ ra táì."

"Mo rí i. Kò dáa rárá."

"Ṣé ẹ lè fẹ́ ọkùnrin tó ra irú táì bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin náà fa àga, ó jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú yàrá yẹn. "Bó bá jẹ kárọ́ọ̀tì rẹ̀, mo lè fẹ́ ẹ."

Kusunoki jẹ ẹ́ tán. Ó nu ẹnu, ó gbé àyà síwájú. "Ṣùgbọ́n ẹ rántí o, ọkọ tó ń fi ẹ̀mí wewu lójoojúmọ́ lẹ fẹ́ fẹ́."

"Ewu wo?" Makabe ń kó abọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ ní ilé ìdáná, kí n tó gbé e wá fún yín."