Fèrèsé Tí Wọ́n Dí Mọ́ Ìyá Aránṣọ

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n bá àbíkẹ́yìn Alágbàdo lórí ibùsùn, ara rẹ̀ ti tutù. Kò sí ẹni tó gbọ́ igbe rẹ̀, ibà kò sì sí lára rẹ̀ lálẹ́ àná. Ẹyẹ kéékèèké méjì ló kú sábẹ́ fèrèsé. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ránṣẹ́ pe Aríran, ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe títí ojú rẹ̀ fi là lójijì, tí kò sì tíì rí ihò orí òrùlé ara rẹ̀ títí di òní.

Aríran wo ẹyẹ, ó mí kanlẹ̀. "Ìyá arúgbó kan ni. Ó ń ránṣọ. Ẹyẹ rẹ̀ ló ń rán wọlé. Ẹ dí fèrèsé pa, ẹ má sì jẹ́ kó fojú kan àwọn méjì tó kù."

Ìyá arúgbó tó ń ránṣọ ládùúgbò náà kò ju ẹyọ kan lọ: ìyá tó bí Alágbàdo gan-an.

Nígbà tó dé láti wá sunkún ọmọ ọmọ rẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ padà. Ẹ ò ní wọlé yìí."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ ṣe."

Ìyá Aránṣọ wò ó bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n rán lódì. "Ìyàwó, bí mo bá lè fò, ṣé màá dúró síbí máa bẹ̀ ọ́? Irú àjẹ́ wo tiẹ̀ ni mí, tí ẹyẹ mi ń kú sẹ́nu iṣẹ́?"

Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ìyàwó, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń dá gbé àpò àgbàdo, ẹ̀yìn obìnrin ló sá pamọ́ sí.

Ìyá Aránṣọ bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà ilé ìwé. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ náà kí wọ́n máa sọdá, kí wọ́n fi báàgì bojú. Ọmọbìnrin yóò bojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ yóò yọ ìka kan lábẹ́ báàgì, ìyá náà yóò sì gbé sísọ́ọ̀sì sókè dá a lóhùn. Ó ń fi ojú wọ̀n wọ́n, ó ń rán aṣọ fún wọn, ó ń kó o sínú àpótí.

"Aṣọ ta nìyẹn?" àwọn aládùúgbò á bi í, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

"Aṣọ àwọn tí mo fẹ́ pa jẹ ni. Ẹ̀yin ò dùn lẹ́nu, ẹ máa lọ."

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kó yunifọ́ọ̀mù wá fún àtúnṣe. Ìyá náà dá ti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ̀ lára ìṣẹ́tí fífẹ̀ tó fi sílẹ̀ de ìdàgbà wọn.

"Ṣé kí n tú u?"

"Rárá, Màmá, ẹ rán an wọlé ni. Wọ́n ń rù. Orí ń fọ́ wọn láràárọ̀, wọ́n sì ń bì."

Ó gbé aṣọ náà sí imú. Òórùn ẹja tó ti bàjẹ́ ló gbọ́. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń rán ẹnu àpò nílé tí wọ́n ń kó àgbàdo pamọ́ sí, ó sì mọ̀ pé òórùn oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àgbàdo nìyẹn. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pàápàá kì í sùn nítòsí.

Kò dúró wọ bàtà.

"Ẹ gbà mí o! Ó ti dé!" ni ìyàwó pariwo. Ìyá Aránṣọ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí aṣọ ìkélé. Nínú yàrá, Aríran ń gbàdúrà lé àwọn ọmọ lórí. Àpò àgbàdo ga dé àjà lẹ́yìn ibùsùn. Àkísà sì dí fèrèsé pinpin. Ó fi sísọ́ọ̀sì ya àkísà, ó fa àwọn ọmọ méjèèjì jáde. Aríran ti ṣáájú wọn dé ìta, ó ń wúkọ́.

"Ṣé ẹyẹ mi ló há ọ lọ́fun?"

Ó padà wọlé, ó mú agolo kan láàárín àwọn àpò, ó fi lé Alágbàdo tó sáré dé lọ́wọ́. "Kà á. Sókè."

"'Májèlé ni. Má ṣe lò ó níbi tí ènìyàn ń sùn.'" Ó gbé agolo náà sílẹ̀. "Màmá, mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń jí àpò ní ìsọ̀, mo bá kó wọn wálé, mo rò pé oògùn díẹ̀ ò lè ṣe nǹkan…"

"O kà á, o sì jẹ́ kí wọ́n ní èmi ni. Fèrèsé tí o dí mọ́ mi, májèlé lo fi ń sé mọ́ wọn."

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó di etí aṣọ ìyá ọkọ rẹ̀ mú. Ìyá Aránṣọ já a gbà. "Má fà á ya. Èmi ni mo rán an."

Ó yọ téèpù lọ́rùn. "Ẹ wá, ẹ̀yin méjèèjì, kí n wọ̀n yín." Ó yí i ká àyà ọmọbìnrin náà, ó fà á mọ́ra, kò sì tú u sílẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ ti wọ̀n mí tán."

"Dákẹ́. Mo ti gbàgbé nọ́ńbà náà."