Apá Ọ̀tún Méjì

"Ìwọ ṣáà tẹ̀ ẹ́! Kí lo tún ń wò?" Gbọ́yìísọ̀yí, ọ̀rẹ́ mi, na ìka sí fóònù ọwọ́ mi.

Inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, la wà. Fídíò tí àwa méjèèjì ṣe, tí a fẹ́ gbé sórí ayélujára, ló wà lójú fóònù. A ti sọ nínú rẹ̀ pé Bàbá Awakọ̀, aládùúgbò wa, ló mọ ibi tí àbúrò màmá mi wọlẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àǹtí mi yìí nígbà tó sọnù, ó sì ti pé ogún ọdún báyìí tí a ti ń wá a. Àwọn ọlọ́pàá wá a títí ó fi sú wọn. Ohun tí gbogbo àdúgbò dì mú ni pé mọ́tò Bàbá Awakọ̀ ló wọ̀ kẹ́yìn.

"Tó bá fi máa di ọ̀la, gbogbo ilé ìwé ló máa mọ̀ wá," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun? Ṣùgbọ́n a kò tíì bi ọkùnrin náà ní gbólóhùn kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní n kò tẹ̀ ẹ́. Gbọ́yìísọ̀yí pòṣé, ó ní ojo ni mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Bàbá Awakọ̀ níbi tó ti ń pààrọ̀ táyà. Mo kí i, mo sì sọ ohun tí mo bá wá. Ó rọra gbé sípánà sílẹ̀.

"Ọmọ mi, iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá aláṣọ ni mo gbé e dé. Ó ní òun fẹ́ ra aṣọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá, àmọ́ ìyá àgbà rẹ ní òun ò rán an pé kó lọ ra aṣọ kankan. Bí mo ṣe di gbọ́mọgbọ́mọ nìyẹn."

Aṣọ wo ló wá ń wá? Ìyá àgbà kì í ju àgékù aṣọ nù, torí náà mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tú àpò ńlá tó wà lábẹ́ tábìlì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí apá aṣọ méjì tí wọn kò rán, aṣọ olódòdó kan náà. Mo tẹ́ wọn sójú tábìlì. Nídìí iṣẹ́ wa, tí a bá gé apá kan tán, a gbọ́dọ̀ yí bébà pátánì tí a fi ń wọn aṣọ gé dà kí èkejì lè jẹ́ òsì. Ẹni tó gé èyí gbàgbé. Ọ̀tún méjì ló gé.

"Ìyá àgbà, ta ló gé èyí?"

Ìyá àgbà wò ó, ó sì jókòó. "Àǹtí rẹ ni. Aṣọ ìyàwó ni, ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ náà ò sì kù mọ́. Inú bí mi. Mo ní tí kò bá rí irú rẹ̀, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé mi. Nígbà tí kò padà, ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo sọ. Ni mo bá ní mi ò rán an níṣẹ́."

"Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n máa pe èèyàn ní gbọ́mọgbọ́mọ!" Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. Kò bá mi wí. Ó dùn mí, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí.

Mo mú apá aṣọ kan lọ bá bàbá aláṣọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Háà! Ọmọ kan ti mú irú èyí wá rí. Mi ò ní in mọ́, mo wá júwe ọ̀gá mi ní ìlú kejì fún un."

"Ṣé ọlọ́pàá ò bi yín ni, bàbá?"

"Ta ni yóò bi mí? Ṣebí ìyá rẹ̀ ní kò wá ra aṣọ, èmi náà ò sì rò pé òun ni."

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lójú mi. Ìyàwó ọ̀gá ló gbé e, bàbá aláṣọ sì bi í léèrè ọmọ náà. "Ọmọ tó ń sunkún torí aṣọ? Àwa la gbà á sílé. Aránṣọ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn." Wọ́n gbé fóònù fún un. Èmi náà gba fóònù lọ́wọ́ bàbá aláṣọ.

"Àǹtí, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni mí."

Ó bi mí pé, "Ṣé ìyá mi ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà. Ẹ máa bọ̀ wálé."

"Mi ò rí aṣọ náà," ni ó wí, ẹkún sì gbà á. "Ọdún kan di méjì, ojú ń tì mí, ó di ogún."

Ọjọ́ Sátidé ló dé, tòun ti ọkọ àti ọmọ méjì. Ẹkún pọ̀, ẹ̀rín sì pọ̀ jù ú lọ. Gbọ́yìísọ̀yí ti ń kéde pé àwa méjèèjì la jọ wá a rí. Mo fi sílẹ̀, inú mi dùn ju kí n máa bá a jà lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò jókòó. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó forí lé ilé Bàbá Awakọ̀, àwa àti àwọn aládùúgbò sì tẹ̀ lé e.

"Ọmọ mi rèé," ni ó wí kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Òótọ́ lẹ sọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo parọ́. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá Awakọ̀ wo àǹtí mi títí. "Ogún ọdún ò ṣeé dá padà, Màmá," ni ó wí. "Àmọ́ mo dúpẹ́ pé ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́." Ó nu ojú rẹ̀, ó sì sún àga fún ìyá àgbà.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ẹni tó bá fi ìtìjú bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, ẹlòmíì ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ lọ bi í.