Ojú Ayùn Lára Ẹsẹ̀ Tánkì

Òwúrọ̀ Sátidé ni, Saidat sì ń pa aṣọ láró lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Ìtòkú. Oníbàárà rẹ̀ láti Èkó yóò sọ̀ ní gáréèjì Kuto lọ́sàn-án, aṣọ sì gbọ́dọ̀ ti gbẹ. Azeezat ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí àwọn ẹnjiníà, wá kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màámi." Azeezat gbójú sókè.

Tánkì omi ńlá wà lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, lókè ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí gan-an. Ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́rin náà ni wọ́n so okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí mọ́. Kí okùn má baà máa yọ̀, Kamaldeen, bàbá Azeezat, ti fi ayùn rẹ́ irin náà wọnú díẹ̀. Àwa náà kúkú ń ṣe irú ẹ̀, a ó tún máa pè é ní ọgbọ́n! Ní báyìí, ìlà tín-ín-rín kan ti ń ti ojú ayùn náà, ibi tí ó rẹ́ yẹn, lọ síwájú lára irin.

"Bàámi, irin yìí ti ń sán," ni ó wí fún bàbá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta.

"Mo ti kùn ún lọ́dà," ni Kamaldeen wí. "Ojú ayùn bín-ín-tín, kí ló fẹ́ fi irin ṣe?"

Azeezat ò bá a jiyàn. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde, ó jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà náà funfun báláú. Ó fi ayùn rẹ́ rúlà oníke tó mọ́ gaara, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì ní kí bàbá òun fi awò dúdú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí wò ó. Oríṣiríṣi àwọ̀ yọ lára rúlà. Wọ́n fọ́n ká níbi tó dán, ṣùgbọ́n wọ́n ṣù jọ sẹ́nu ojú ayùn bí eṣinṣin lórí egbò.

"Ibi tí àwọ̀ bá ti ṣù jọ, ibẹ̀ ni ìnira, ìyẹn ipá tó fẹ́ ya nǹkan, pọ̀ sí," ni Azeezat wí. "Níbi iṣẹ́ wa, kámẹ́rà á ya àwọ̀ náà, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò ìnira ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹrù tó yẹ kí gbogbo irin jọ gbé ló ń wọ́ jọ sẹ́nu ojú ayùn yẹn. Aṣọ tútù tún ń fà á. Ọ̀dà ò lè bá a gbé e, Bàámi. Ẹ jẹ́ kí Màámi kúrò níbẹ̀, ká tú omi dànù."

Kamaldeen gbé awò náà sílẹ̀. Ó ti yé e. Ó ní òun ń lọ pe wẹ́dà, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ yarí.

"Omi wo ni n ó wá fi ṣan aṣọ? Ẹ jẹ́ n parí èyí ná, Bàbá Azeezat."

Ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ ìjà. "Ó dáa, yára."

Yára kẹ̀! Saidat gbé aṣọ tútù mìíràn kọ́ okùn, irin náà ké. Azeezat fi gbogbo agbára fa ìyá rẹ̀ láṣọ. Tánkì wó, ọwọ́ ọ̀tún Saidat ni kò tètè kúrò.

Ní ọsìbítù, dókítà ní ẹ̀mí ò bọ́, àmọ́ ìka mẹ́ta ti lọ. Ọwọ́ tí Saidat fi ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára àdìrẹ láti kékeré nìyẹn. Kò bú ọkọ rẹ̀. Kamaldeen ló ń sunkún.

"Mo ti mọ̀, Saidat. Mo mọ̀, mo sì ní kí o yára."

Ẹ̀yin èèyàn wa, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ tánkì yín lónìí. Ẹ má fi ayùn rẹ́ irin tó ru ẹrù, ẹ má so okùn aṣọ mọ́ ọn. Tí ẹ bá rí ibi tó sán, ọ̀dà kọ́ ni oògùn ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó èèyàn kúrò lábẹ́ ẹ̀, ẹ tú omi, ẹ wá pe oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n. Bó bá ku iṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ ó kù.