Èbù Iṣu Dókítà Àpọ́nlé

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1979, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Ṣakí, Ládòkun, ìsípẹ́tọ̀ ọlọ́pàá, dé oko ìwádìí yunifásítì tó wà lọ́nà Àgọ́-Àrẹ. Ó bá Dókítà Fadékẹ́ Àpọ́nlé ní ìjókòó lórí ilẹ̀ níwájú abà. Inú abà ti ṣófo.

"Èbù iṣu tí kì í jẹrà ni wọ́n jí kó, Ọ̀gá," obìnrin náà wí. "Láti ìgbà tí mo ti dé ẹ̀ka ohun ọ̀gbìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Apẹ̀rẹ̀ mélòó kan tó wà níbí yìí tẹ́lẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ní. Tí n kò bá rí i gbìn lásìkò òjò yìí, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn."

Àgádágodo ti já, ìgbẹ́ màlúù sì wà káàkiri ẹnu ọ̀nà. Ìsípẹ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi igi tú ìgbẹ́ náà wò dáadáa. Ó sì wo ilẹ̀ yíká.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti di Gìdàdó mú, Fúlàní tó ń da màlúù ládùúgbò náà. Dókítà Ọlágòkè, olórí ẹ̀ka ẹran ọ̀sìn, ló ń pariwo lé e lórí.

"Kí la tún ń wádìí? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Màlúù rẹ̀ kọjá níbí nírọ̀lẹ́ àná. Àwọn ló jẹ ẹ́!"

"Wàláhì, mi ò dé ìdí abà," Gìdàdó wí. "Odò ni mo dà wọ́n lọ."

Ìsípẹ́tọ̀ yíjú sí ọlọ́dẹ ọgbà. "Bàbá Sàrátù, ìgbà wo lẹ rí abà yìí ní títì kẹ́yìn?"

"Òjò ti dá kí n tó lọ kírun àsùbáà, ọmọ mi. Mo fọwọ́ kan àgádágodo, ó wà ní títì. Ìgbà tí mo dé ni mo bá a báyìí."

"Dókítà Ọlágòkè, kí ni màlúù tiyín ń jẹ?"

Inú ọkùnrin náà dùn, ó rẹ́rìn-ín. "Wóró òwú! Ìwádìí wa nìyẹn. A kì í jẹ́ kí wọ́n jáde rárá."

"Ẹ mú wa lọ síbi tí ẹ ń kó wóró òwú náà sí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa wa òkìtì wóró òwú náà dé ìsàlẹ̀, apẹ̀rẹ̀ èbù ló yọ jáde. Dókítà Àpọ́nlé figbe ta.

"Òjò ti dá kí wọ́n tó já àgádágodo. Ilẹ̀ tútù, ó rọ̀," Ìsípẹ́tọ̀ wí, "síbẹ̀ n kò rí ojú ẹsẹ̀ màlúù kankan. Ìgbẹ́ náà sì kún fún èèpo wóró òwú. Koríko ni màlúù Gìdàdó ń jẹ. Màlúù tiyín kì í jáde. A jẹ́ pé èèyàn ló ru ìgbẹ́ wá."

Ọlágòkè forí kodò. "Yunifásítì fẹ́ gba ilẹ̀ ẹ̀ka mi fún iṣu rẹ̀. Mo fẹ́ kí àsìkò gbígbìn kọjá ni. Ọkàn mi kò gbà á láti ba èbù náà jẹ́."

"Ṣùgbọ́n ó gbà á láti ju aláìṣẹ̀ sí àtìmọ́lé," Ìsípẹ́tọ̀ wí, ó sì mú un lọ.

Wọn kò jẹ́ kó di ọ̀la kí wọ́n tó gbin èbù náà. Gìdàdó kò lọ. Òun ló ń bá wọn ru apẹ̀rẹ̀. Dókítà Àpọ́nlé bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

"Mo bínú o," Gìdàdó wí, "ṣùgbọ́n ebi ló ń pa mí jù."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Sàrátù sì lọ dáná.