Baba Tó Wà Nínú Oko Àlá

Láyé ìgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá ti kọ́lé sójú òfurufú, tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èwe kò tẹ ilẹ̀ rí, Oko Àlá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òwò àgbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á dé adé-àlá, ẹ̀rọ tí ń fi àlá han ni, ojú rẹ̀ á ṣí sóko. Ọdún kan níbẹ̀ kò ju wákàtí kan lọ. Yóò yá ilẹ̀, yóò gba alágbàṣe, yóò pinnu ìgbà tí yóò tajà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rú u lójú, ohùn bàbá àgbà kan yóò máa tọ́ ọ sọ́nà láti inú afẹ́fẹ́.

Fadérera mọ ohùn yẹn ju ti baba tó bí i lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdánwò, iṣu rẹ̀ ti ta dáadáa nínú ebè, àwọn oníbàárà sì ti ń dúró. Ó béèrè pé, "Baba, ṣé kí n wà á báyìí, àbí kí n dúró kí ó wọ́n lọ́jà?"

Ohùn náà ní, "Kí lo fẹ́ wà?"

Ni ewé iṣu bá ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìrì tí oòrùn ń lá, títí ebè fi di òfìfo.

Fadérera ṣí adé, ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Adétóró, obìnrin tó dá Oko Àlá sílẹ̀. Ìyẹn kò lè wo ojú rẹ̀. Ó mú un lọ sí yàrá kan lẹ́yìn kíláàsì, níbi tí arúgbó kan jókòó sí tòun ti adé-àlá lórí.

"Baba Òjélàdé nìyí," ni Adétóró wí. "Àgbẹ̀ ni wọ́n nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohùn wọn lo ń gbọ́; inú ìrántí wọn la ti ń fa oko yìí."

"Ẹ ní ẹ fẹ́ wò ó ni," ni Baba wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ kò sọ pé ohun tí ẹ bá wò kò ní padà sí mi lórí."

"A kò mọ̀ nígbà yẹn, Baba. Nígbà tí a fi máa mọ̀, àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ti ń bọ́ ìlú mẹ́ta."

"Ó dára kí wọ́n jẹun. Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè."

Fadérera kúnlẹ̀, ó sì yọ adé náà lórí Baba jẹ́jẹ́. Ó mọ̀ pé ìdánwò òun ti lọ nìyẹn, àti ti gbogbo ẹgbẹ́ òun. Iṣu gidi kan wà lórí tábìlì, tí wọ́n gbé wá láti ilẹ̀. Baba mú un, ó fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ tuntun, ó gbóòórùn erùpẹ̀ ara rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

"Iṣu ni, Baba."

"Ó lẹ́wà. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbìn ín?"

Ọmọbìnrin náà jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un, láti orí ebè kíkọ.